Ẹni tó sanwó ni àgádágodo mú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fa àga, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí dátà yín tán kó tó parí.

Síídì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni o, síídì, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán yẹn, èyí tí àwọn àbúrò wa kan rò pé ohun ọ̀ṣọ́ inú dánfó ni.

Láàárín 2001 sí 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi àgádágodo sí síídì kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ́pì rẹ̀. Ó yọrí sí ẹjọ́, ó yọrí sí ìtìjú. Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó yọ owó sílẹ̀, tó gba rìsíìtì, òun gan-an ni ìyà jẹ. Ẹni tó jí orin náà wà nílé rẹ̀, ó ń jó, nǹkan kan ò ṣe é.

Tí ẹ bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni, ẹ ní sùúrù. A máa dé orí fóònù yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Sony àti Philips ló jọ ṣe síídì, ó sì dé ọjà ní 1982. Wọn ò fi àgádágodo kankan sí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe nígbà yẹn? Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tó lè kọ síídì nílé. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ń kọ́pì, tí kọ́pì kásẹ́ẹ̀tì bá sì ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, olórin á máa dún bí ẹni tó wà nínú kòtò.

Nígbà tó máa fi di ìparí àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà ti ń fa orin jáde látinú síídì, ó ti ń kọ orin sórí síídì òfìfo. Napster wá dé ní 1999. Orin tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan di orin tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Jìnnìjìnnì bo àwọn ilé-iṣẹ́ orin. Mi ò bá wọn wí fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó ni. Ohun tí wọ́n wá fi ẹ̀rù náà ṣe ni mo ń bá wọn jà sí.

Ẹ wo ìṣòro tí wọ́n ní: ẹ̀rọ tó ń lu síídì ti wà nílé gbogbo èèyàn, wọn ò lè kó gbogbo rẹ̀ padà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba síídì fúnra rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sí i, irú èyí tí ẹ̀rọ orin lásán máa fò kọjá, ṣùgbọ́n tó máa da orí kọ̀ǹpútà rú. Ẹ bá mi rò ó wò: oníbúrẹ́dì tó ń da iyanrìn díẹ̀ sínú búrẹ́dì kí àwọn ọmọ yín má baà bù fún ọ̀rẹ́ wọn.

Kò pẹ́ tí iyanrìn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan eyín. Àwọn ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀ kan kò gbà á, torí pé irú ẹ̀rọ tó ń ka síídì nínú kọ̀ǹpútà ló wà nínú tiwọn náà. Àwọn ẹ̀rọ DVD kan kọ̀ ọ́. Ní 2001, BMG gbé White Lilies Island, àwo orin Natalie Imbruglia, jáde ní Britain pẹ̀lú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rà á pariwo títí ilé-iṣẹ́ náà fi ní kí wọ́n wá gba èyí tí kò ní in.

Ní 2002, ó kan Céline Dion. A New Day Has Come tí wọ́n tà ní Jámánì àti láwọn ibòmíì ní Yúróòpù kì í dún nínú kọ̀ǹpútà. Ti àwọn tó ń lo Mac ló burú jù: kọ̀ǹpútà náà lè dákú, kó sì di síídì mú sínú, kó kọ̀ láti tú u sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ ra orin ìfẹ́, orin ìfẹ́ di ẹrù fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn fi ṣẹ́gun àgádágodo ọ̀hún. Mákà. Mákà lásán tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára páálí! Ẹ̀ẹ́ fi kun etí síídì náà yípo, níbi tí wọ́n kó àṣìṣe náà sí, ó parí, orin ń dún.

Philips, tó wà lára àwọn tó bí síídì, sọ ọ́ ní gbangba pé irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe síídì, pé kò yẹ kí wọ́n fi àmì síídì sí i lára. Ẹ ò rí nǹkan. Bàbá ọmọ ló ní òun ò mọ ọmọ yìí rí.

Ní 2003, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SunnComm ní ọwọ́ àwọn ti ba àgádágodo tó dáa. Wọ́n fi sí àwo orin Anthony Hamilton, Comin' from Where I'm From. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Princeton, J. Alex Halderman, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ọ́ síta pé tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń ki síídì bọ kọ̀ǹpútà, àgádágodo náà ò ní lè wọlé. Shift o! SunnComm halẹ̀ pé àwọn máa gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n dárúkọ mílíọ̀nù dọ́là 10. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yí ohùn padà.

Ẹ̀rín ṣì ni gbogbo ìyẹn. 2005 ni kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Sony àti BMG ti pa iṣẹ́ orin wọn pọ̀ nígbà náà, wọ́n ń jẹ́ Sony BMG. Wọ́n gbé oríṣi síídì 52 jáde tó ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní XCP nínú. Ilé-iṣẹ́ kan ní Britain, First 4 Internet, ló bá wọn ṣe é. Tí ẹ bá ki síídì náà bọ kọ̀ǹpútà Windows, ìwé àdéhùn gígùn kan á yọjú, irú èyí tí gbogbo wa máa ń fò. Ẹ tẹ ibi tó ní ẹ gbà, ètò kan á wọlé. Ó ní òun ló máa bá yín lu orin náà. Kò sọ ìyókù.

Ìyókù rèé. Ó wọ inú Windows lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì da aṣọ bo ara rẹ̀. Fáìlì yòówù tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$, kọ̀ǹpútà yín ò ní fi hàn yín mọ́. Ó wà níbẹ̀, ojú yín ò ní tó o. Kò sí ibi tí ẹ lè tẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò. Ẹ yọ síídì, ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ ọ́ sí ààtàn pàápàá, ètò náà ṣì jókòó, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ nínú agbára kọ̀ǹpútà yín. Ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́ṣà orí kọ̀ǹpútà fi ń sá pamọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Rootkit ni wọ́n ń pè é.

Mark Russinovich, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó mọ inú Windows bí ẹni mowó, ló tú àṣírí yìí ní ọjọ́ 31 oṣù October 2005. Ó ti ṣe irinṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ tó ń wá rootkit. Ó ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ló bá rí àlejò tí kò pè. Ó tọpa rẹ̀, ó tọpa rẹ̀, ó bá a dé orí síídì tó fi owó ara rẹ̀ rà, Get Right with the Man ti Van Zant. Nígbà tó fipá fa nǹkan ọ̀hún tu, Windows ò rí ibi tó ń ki síídì sí mọ́. Àfi ìgbà tó tún un ṣe. Òun mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe o. Ìyá àgbà tó ra síídì Neil Diamond, tí XCP wà nínú tirẹ̀ náà, ta ló máa bá a ṣe é?

Ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe olè. Ká ní ó jí orin yẹn dáńlóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò bá má pàdé XCP láyé. MP3 tí wọ́n jí kì í ní àgádágodo. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa já àgádágodo náà, lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ayé á sì gba èyí tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún tó kù, tí wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ló gbé ẹlẹ́gbin wálé.

Wọ́n gbé ọ̀gá kan ní Sony BMG, Thomas Hesse, sórí rédíò NPR láti dáhùn. Kókó ohun tó sọ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ rootkit, kí ló wá kàn wọ́n níbẹ̀. Ká! Bàbá, a lè má mọ orúkọ kòkòrò tó ń fa ibà. A ṣáà mọ̀ pé ara wa ń gbóná.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àṣírí tú, àwọn tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì ti dé. Iṣẹ́ ti rọrùn fún wọn: kí wọ́n ṣáà fi $sys$ ṣáájú orúkọ fáírọ́ọ̀sì wọn, Sony BMG á bá wọn pa á mọ́ lójú onílé.

Ilé-iṣẹ́ náà wá gbé ohun tí wọ́n máa fi yọ XCP kúrò jáde. Kí ẹ tó rí i gbà, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa fún wọn ní ímeèlì yín. Halderman yẹn náà àti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, Ed Felten, tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé ohun ìyọkúrò náà ń ṣí ilẹ̀kùn míì sílẹ̀, tí wẹ́ẹ̀bù yòówù tí ẹ bá ṣí lè gbà á wọlé wá ṣe ohun tó wù ú nínú kọ̀ǹpútà yín. Wọ́n ní kí wọ́n bá wa yọ ẹ̀gún. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, wọ́n gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀yí tó pa mí lẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tó tú kóòdù XCP wò bá apá kan LAME nínú rẹ̀, ètò tí àwọn èèyàn ń fi ṣe MP3. Ọ̀fẹ́ ni LAME, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ní òfin lórí bí ẹlòmíì ṣe lè lò ó, XCP ò sì tẹ̀ lé òfin náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n rán láti má jẹ́ ká kọ́pì, kọ́pì lòun náà.

Ó ku ti iPod, torí ohun tí àwọn olùgbọ́ ń pariwo lé lórí jù nìyẹn kí àṣírí rootkit tó tú. Síídì Sony BMG wọ̀nyí máa ń gbà yín láyè kí ẹ kọ́pì ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n orin tó bá fà jáde ò lè wọ iPod. iPod ni gbogbo ọ̀dọ́ ń lò nígbà yẹn! Nítorí náà, ẹni tó ra orin kò lè gbọ́ ọ nínú ohun tó fi ń gbọ́ orin. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé Tim Foreman, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ olórin Switchfoot tí àwo wọn Nothing Is Sound wà lára àwọn tí wọ́n tì pa, lọ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn olólùfẹ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yẹ àgádágodo náà sílẹ̀. Olórin fúnra rẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ wá di ti kóòtù. Ìpínlẹ̀ Texas pè wọ́n lẹ́jọ́ ní November 2005, ẹgbẹ́ EFF náà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní orúkọ àwọn tó ra síídì. Sony BMG kó àwọn síídì náà kúrò lórí àtẹ. Bíi mílíọ̀nù 4.7 ni wọ́n ti kó jáde, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.1 sì ti dọ́wọ́ àwọn èèyàn. Níkẹyìn, ẹni tó bá ní ọ̀kan lè dá a padà, kó gba èyí tó mọ́, kó sì yàn láàárín dọ́là 7.50 pẹ̀lú àwo orin kan tó lè dáńlóòdù, tàbí kó mú àwo mẹ́ta láìgba owó. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san tó dọ́là 150 fún ẹni tí yíyọ ètò náà bá ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́. Ọdún yẹn náà ni EMI jáwọ́ nínú fífi àgádágodo sí síídì. Nígbà tó máa fi di 2009, gbogbo orin tí Apple ń tà lórí iTunes ti bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo. Ayé ò parí. Àwọn èèyàn ṣì ń ra orin.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ èsì: ṣé kí olórin má jẹun ni? Kó jẹun, kó yó. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ̀ pé jíjí orin kì í ṣe àlá. Ta ni kò rí síídì MP3 rí, tí orin olórin mẹ́wàá wà nínú ẹyọ kan, tí àwọn tó ni orin ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀? Ìwà ìkà ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àjọ Nigerian Copyright Commission mú wá lórílẹ̀-èdè wa: sítíkà tó ń dán, hologram, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí kí èèyàn lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Bóyá ó dá àwọn ayédèrú dúró tàbí kò dá wọn dúró, ẹjọ́ ọjọ́ míì nìyẹn. Ó ṣáà dúró sára páálí. Kò wọ yàrá onílé lọ sápamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí mo pààlà sí nìyẹn. Ẹ dáàbò bo orin yín. Ẹ mú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi, èmi ni mo ni ín. Dọ́là 15 tí mo san fún orin kò ra kọ́kọ́rọ́ ilé mi fún yín.

Ó yá, ká dé orí fóònù.

Ẹ ṣí Spotify yín. Orin tí ẹ dáńlóòdù síbẹ̀ ń kọ́? Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, kí áàpù náà lè yẹ̀ yín wò. Bí ẹ ò bá dé, àwọn orin yẹn á kúrò nílẹ̀. Bí ẹ ò bá san owó oṣù, ó tán. Ẹ fi dátà yín fà á wálẹ̀ o, ó gba àyè lórí fóònù yín o, síbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹni tó ń lọ ìlú ìyá rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò gbé sunwọ̀n mọ ohun tí mò ń wí.

Mi ò ní jìbìtì ni o, ẹ gbọ́ mi yé. Ilé àyágbé ni, wọ́n sì sọ fún wa pé àyágbé ni. Mo ń san tèmi lóṣooṣù, mi ò sì kábàámọ̀. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí wọ́n kọ "rà á" sára nǹkan, kó wá jẹ́ pé àyágbé ni. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 2008, Microsoft kéde fún àwọn tó ti ra orin lọ́dọ̀ MSN Music pé láti ìparí August, àwọn ò ní bá wọn ṣí orin náà lórí kọ̀ǹpútà tuntun mọ́. Àwọn èèyàn fi ariwo bọnu títí wọ́n fi sún ọjọ́ náà síwájú. Lọ́dún yẹn kan náà, Yahoo! Music ti ṣọ́ọ̀bù tiwọn pa, wọ́n ní àwọn máa dá owó padà. Ó dáa tí wọ́n dá owó padà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: síídì wo ni ẹ rà rí tí oníṣọ́ọ̀bù kógbá wọlé, tí síídì náà wá yadi?

Sí ẹ̀yin olórin tó wà lábẹ́ mi níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orin yín sórí gbogbo áàpù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibì kan sílẹ̀ tí èèyàn ti lè ra fáìlì náà gan-an. Bandcamp wà. Ẹni tó fẹ́ràn yín débi pé ó fẹ́ san owó gidi, ẹ fún un ní nǹkan tó lè dì mú. Olè tó fẹ́ jí i ti jí i ná.

Àwọn kan ti bi mí nínú DM bóyá àwọn síídì XCP yẹn ṣì wà níta. Kí ló fẹ́ pa wọ́n? Mílíọ̀nù méjì ló dọ́wọ́ èèyàn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló dá a padà. Tí ẹ bá rí síídì tòkunbọ̀ Sony BMG ti 2005, ẹ wo etí páálí rẹ̀ lápá òsì níwájú bóyá ẹ ó rí "Content Protected" níbẹ̀. Ẹ̀rọ orin lásán ò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹ máa gbádùn orin yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ẹ̀gbọ́n yín, èyí tó ṣì ń lo Windows ìgbà yẹn, lẹ fẹ́ ki í bọ̀, Shift ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀.